Ẹ Bi Wá Léèrè: Eré Ọwọ́ àti Eré Ìta fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ wa lórí eré ọmọdé pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọ ara wọn: ohun tí a ṣe lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí ó fọ́, tàbí ó kọ̀ kò gbéra nílẹ̀. A ṣa méje. Èyí tí àlàyé rẹ̀ gùn, a jẹ́ kó gùn. Èyí tí kò ní wàhálà nínú, a ò fà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń po fùláwà àti iyọ̀ mọ́ omi fún ọmọ mi ọdún 3 kó lè fi mọ nǹkan. Bí mo bá pò ó láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi gọ́ọ̀mù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti bu. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? (Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, màmá. Tútù tí ẹ ń pò ó ló fà á. Fùláwà tí kò rí iná kì í di ara rẹ̀ mú dáadáa, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tó fi ń le láàárọ̀ tó sì ń rọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ sè é. Sísè yìí tún wúlò lọ́nà mìíràn: fùláwà tútù lè ní kòkòrò àìsàn nínú, ọmọ ọdún 3 kò sì ní ṣàì tọ́ ọ wò.

Ohun tí ẹ máa wá ni fùláwà ife 1, iyọ̀ ìdajì ife, omi ife 1, òróró ṣíbí ìjẹun 1, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 1. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo wọn. Ẹ pò ó nínú omi tútù títí kò fi ní kókó mọ́ kí ẹ tó gbé e ka iná. Ẹni tó bá da fùláwà sínú omi gbígbóná bí ẹni fẹ́ ro àmàlà, kókó ni yóò bá níbẹ̀. Iná kékeré ni. Ẹ máa fi omorógùn rò ó láìdáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú 3 sí 5. Yóò kọ́kọ́ dà bí ògì, yóò wá ki bí ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà yóò ṣù jọ, á sì máa ṣí kúrò lára ìkòkò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ já díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì jinná. Bó bá ti jinná, ẹ dà á sórí pátákó, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ pò ó fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kó lè dán.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ní àwọ̀, ṣíbí tíì 1 kọ́rì nínú omi tí ẹ kọ́kọ́ fi pò ó yóò sọ ọ́ di àwọ̀ yẹ́lò. Omi sóbò dípò omi lásán yóò sọ ọ́ di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí pupa náà sá.

Bó bá lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀ ọ́, ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má bu fùláwà tútù kún un, torí èyí tí ẹ bá bù kún un ni yóò kọ́kọ́ bu. Bó bá ń sán, tí ń fọ́ yángá-yángá bí ilẹ̀ ọyẹ́, ẹ fi òróró ra àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tún un pò. Ẹ má ko ó sínú ike nígbà tó ṣì gbóná: ooru rẹ̀ yóò di omi lára ìdérí, omi yẹn ló ń mú kó bu. Kó tutù pátápátá, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà jáde, kí ẹ tó kó o sínú ike tó ní ìdérí. Láìsí fíríìjì, ẹ ka ọ̀sẹ̀ kan. Nínú fíríìjì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ti ń kan, ẹ dà á nù.

Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, kì í ṣe jíjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń mọ ohun gbogbo, ẹ bu àmàlà tó ti tutù tí kò ní iyọ̀ fún un. Àwọn àgbà lè ní a ń fi oúnjẹ ṣeré. Ẹ fi àjẹkù ṣe é, kò ní dun ẹnikẹ́ni.

Ẹ má mọ ẹyẹ tàbí ẹja fún ọmọ kó wò ṣe o. Ọmọ ọdún 3 á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á já a, á fi ìka gún un, á tún un ṣù. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún un ní ìyarun, ìdérí ike ńlá, àti ṣíbí kan, kó fi wọ́n tẹ àmì sí i lára, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà èwe wa, oje lápálápá la máa ń fi ọ̀pá ewé fẹ́, á máa rogodo, á máa fò lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi, mo fẹ́ fi hàn wọ́n, ìyá wọn ní olóró ni. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, màmá. Òótọ́ ni ìyá wọn sọ. Oje náà ń ta ojú, ó sì ń yọ àwọn ọmọ kan lára. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ló burú jù. Kóró inú rẹ̀ dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ọmọ tó bá jẹ mélòó kan nínú rẹ̀ yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò sì máa yàgbẹ́. Ọmọ tí a bá ti kọ́ pé igi yẹn jẹ́ ohun ìṣeré kò ní dúró lórí oje nìkan. Kóró méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ kó kúrò lọ́wọ́ wọn: làrà, àti ojú ológbò, ìyẹn kóró pupa tó ní dúdú lórí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ojú ológbò lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi eyín fọ́ ọ, májèlé inú rẹ̀ lè pa á. Èyí tí wọ́n ti lu nítorí okùn léwu ju odindi lọ, torí èèpo rẹ̀ ti ṣí. Bí ọmọ bá ti jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má fún un ní epo pupa mu pé kó lè bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú kóró náà dání.

Ọṣẹ ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹ yọ́ ṣúgà ṣíbí ìjẹun 2 sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ife 3, kí ẹ wá da ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, ìdajì ife. Ẹ rọra rò ó. Ẹ má pò ó títí yóò fi hó, torí èéhó tó bá ti wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí rogodo ńlá jáde. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè gbẹ. Ọṣẹ dúdú kò yẹ fún èyí, ó ń ta ojú ju.

Ẹ tẹ wáyà tó ní rọ́bà lára bí òrùka, kí ẹ sì fi òwú wé òrùka náà yíká: òwú ló ń mu ọṣẹ dúró. Ọmọ ọdún 2 kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín fífẹ́ àti fífà, kó má fi ẹnu kàn án. Kó na ọwọ́ kó máa fi òrùka náà gbá afẹ́fẹ́. Bí ọmọ àgbà díẹ̀ bá fẹ́ fi sítíróò fẹ́ ẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sára sítíróò náà nítòsí ẹnu, bó bá fà á, afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé, kì í ṣe ọṣẹ.

Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn òjò ló dùn jù. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, rogodo náà kì í pẹ́ tó fi ń bẹ́. Ẹ má rò pé ọṣẹ yín ló burú.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6. A ti fi ọ̀rá àti ẹyọ ọwọ̀ ṣe káìtì lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní ń yí bí òòyì, ó sì forí sọlẹ̀. Èkejì kò gbéra rárá. Ti ẹ̀kẹta, ọwọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Ọmọ náà ti ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. (Bàbá rẹ̀, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Káìtì kì í dá èèyàn lóhùn bí kò bá wọ̀n.

Ẹ mú ẹyọ ọwọ̀ láti inú ìgbálẹ̀ tuntun. Èyí tó ti gbálẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ti gbẹ, ìyẹn ló ń ṣẹ́. Ẹ so méjì-méjì pọ̀, ìdí ọ̀kan sí orí èkejì, kí ibi tó tinrin lára ọ̀kan lè bá ibi tó nípọn lára èkejì. Èyí tó dúró, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40. Èyí tó dábùú, 34. Ẹ gbé èyí tó dábùú lé ìka kan ní àárín rẹ̀ gan-an. Bó bá tẹ̀ sí apá kan, ẹ gé díẹ̀ tàbí kí ẹ há a títí yóò fi dúró gbọọrọ. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni sẹ̀ǹtímítà 10 láti orí. Òwú ni kí ẹ fi dì í ní ìdì àgbélébùú, kí ẹ dì í le. Ẹ la orí ọwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀, ẹ ki òwú kan bọ àwọn ojú náà yíká, kó fà tantan.

Ọ̀rá tó fúyẹ́ ni ẹ máa lò, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà fún èèyàn. Ọ̀rá omi nípọn jù. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé igi lé e, ẹ gé e kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 yọ yíká, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù náà bo òwú, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Kó má dẹ̀, kó má sì fà débi tí ọwọ̀ yóò fi tẹ̀.

Ó wá ku ìjánu, ibi tí ọ̀pọ̀ káìtì ti ń bàjẹ́. Káìtì kì í ṣe ohun tí a kàn so okùn mọ́ láàárín. Ẹ gé òwú sẹ̀ǹtímítà 55, ẹ so orí kan mọ́ orí káìtì, èkejì mọ́ ìdí rẹ̀, ní ojú tí ọ̀rá wà. Ẹ ta kókó olójú kan sára òwú yìí níbi tó bọ́ sí òkè orítá igi méjèèjì díẹ̀. Ojú kókó yẹn ni okùn gígùn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí káìtì bá ń fa ọwọ́ gan-an ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò gòkè, kókó náà wà nílẹ̀ jù: ẹ sún un sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1. Bó bá ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ tí kò fa ọwọ́ rárá, ó ti ga jù: ẹ sún un sísàlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 1 ni kí ẹ máa sún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má fò.

Èyí tó ń yí bí òòyì, ìrù rẹ̀ kò tó. Ìlọ́po mẹ́fà gígùn káìtì ló yẹ kó jẹ́. Fún tiyín, ìyẹn jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Ọ̀rá tí ẹ gé ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3 ni kí ẹ so mọ́ra. Kó gùn ni, kó má wúwo: àwọn tó ń so òkúta tàbí aṣọ sí i ń gbé ẹrù lé ẹyẹ lórí. Bó bá jẹ́ pé apá kan náà ló ń yí sí nígbà gbogbo, ẹ padà lọ wọn igi ìdábùú.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sáré. Sísáré ń mú káìtì dìde fún ìgbà díẹ̀, ọmọ á bojú wẹ̀yìn, á sì kó sí gọ́tà. Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ọmọ di okùn mú, kí ẹ gbé káìtì lọ sí nǹkan bí mítà 10 níwájú rẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá dé. Atẹ́gùn tó ń mi ewé láìgbé eruku ló dára. Ẹ̀yìn ilé kò dáa, atẹ́gùn ibẹ̀ ń yí kiri. Pápá ìṣeré ni kí ẹ lọ, níbi tí kò sí wáyà iná. Bó bá há sí wáyà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi irin tàbí ọ̀pá gígùn yọ ọ́. Ẹ má fi wáyà ṣe okùn, ẹ má fò ó nígbà tí òjò ń ṣú, ẹ má sì jẹ́ kí okùn dábùú ọ̀nà: ọlọ́kadà kì í rí i, ọrùn ló sì máa ń gbà.

ÌBÉÈRÈ: A fi omi sóbò kun àwòrán. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú nínú abọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe gbẹ lórí bébà ó di àwọ̀ eérú. Ṣé sóbò tí kò dáa ni? (Ìyá ọmọ méjì, Èkó)

ÌDÁHÙN: Sóbò kò ṣe nǹkan kan, bébà ló yí i padà. Àwọ̀ tó wà nínú ìṣápá pupa a máa pupa níbi tí nǹkan kíkan bá wà, a sì máa di búlúù tàbí ewé níbi tí nǹkan bíi káún bá wà. Ọ̀pọ̀ bébà òde òní ló ní ẹfun nínú, ẹfun yìí ló ń pa pupa náà. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí tíì 1 sí ìdajì ife, yóò pupa títí gbẹ.

Ẹ wá fi àṣìṣe yìí ṣeré. Ẹ rẹ ẹ̀kún ọwọ́ kan sóbò sínú omi gbígbóná ife 1 fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta. Èkíní kó wà bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ fi orí ṣíbí bu sódà tí a fi ń yan àkàrà òyìnbó sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa wo bó ṣe ń di elésè àlùkò, kó tó di búlúù. Ẹ má lo omi eérú, ó ń bó ọwọ́ ọmọ. Kí àwọ̀ má bàa ṣàn kiri, ẹ sè sítáàṣì ṣíbí ìjẹun 1 nínú ife omi 1, kí ẹ pò ó mọ́ ọn nígbà tó bá tutù. Oòrùn yóò pa gbogbo rẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ẹ má fi í kọ́ síbi fèrèsé.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ tí a fi agolo sàdíìnì ṣe kì í yí lọ tààrà, ó sì ti gé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọdún 5 lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ ọdún 2 náà ń fẹ́ tirẹ̀. (Àbúrò bàbá wọn, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbàgbé sàdíìnì fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 8. Etí rẹ̀ mú bí abẹ, bí a sì fi téèpù bò ó, kì í pẹ́ ṣí. Páálí jùúsì oní-lítà 1 ni kí ẹ fi ṣe ara ọkọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ gé ojú kan ṣí bíi ti tírélà.

Táyà: àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó. Ẹ fi ẹnu ife kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 ya mẹ́rin, kí àgbà fi abẹ gé e. Àárín ló ṣòro, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yín sì ti ṣì. Ẹ ya òbírípo kan náà sórí bébà, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká sí méjì, ẹ tú u: ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Ẹ gbé bébà lé táyà, kí ẹ fi ìṣó lù ú níbẹ̀. Táyà tí ihò rẹ̀ kò bọ́ sí àárín yóò máa tiro.

Igi súyà ni kí ẹ fi ṣe ìdábùú tó gbé táyà. Ẹ gé ẹnu mímú rẹ̀ sọnù. Ẹ mú bíírò méjì tó ti tán, ẹ yọ inú wọn, ẹ gé wọn kí wọ́n gùn ju fífẹ̀ páálí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n sábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí iwájú, ìkejì ní 4 sí ẹ̀yìn. Igi súyà yóò gba inú bíírò kọjá. Ẹ di èyí mú: táyà gbọ́dọ̀ há mọ́ igi, igi sì gbọ́dọ̀ yọ̀ nínú bíírò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe òdìkejì rẹ̀, wọ́n á há igi mọ́ ara ọkọ̀, táyà á wá máa jó lórí igi. Bó bá ń yà sápá kan, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín bíírò méjèèjì ní ọ̀tún àti ní òsì. Wọn kò dọ́gba ni. Bó bá ń dojú dé, ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì yanrìn sí i, kí ẹ sì so okùn mọ́ ìsàlẹ̀ imú rẹ̀, kì í ṣe òkè.

Fún ọmọ ọdún 2, ẹ má so okùn gígùn mọ́ nǹkan kan: èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lè lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ wá agolo mílíìkì oníyẹ̀fun tó ní ìdérí ike. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí inú rẹ̀ wọlẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá sí i, ẹ dé e, kí ẹ fi téèpù wé ìdérí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kó máa yí i nílẹ̀. Ariwo rẹ̀ ni ẹ̀yin àgbà yóò fara dà. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí róró tó wà láàárín ìwé ìnùdí kọjá, kó má débi tí ọmọ ọdún 2 yóò ti rí i, torí ó lè há a lọ́fun. Ìdérí ìgò omi wà nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Inú fúláàtì la wà ní London, òjò kì í jẹ́ ká jáde. Mo fẹ́ kọ́ ọmọ mi ọdún 5 ní ayò, mi ò ní ọpọ́n. Ṣé mo lè fi ẹ̀wà pupa ṣe ọmọ ayò? (Bàbá kan)

ÌDÁHÙN: Ọpọ́n ti wà nílé yín. Páálí ẹyin mẹ́fà ní ìlà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi téèpù so méjì pọ̀ ní orí sí orí, ojúlé 12 pé. (Nílé níbí, kiréètì ọlọ́gbọ̀n ní ìlà márùn-ún, mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ gé ìlà méjì.) Èyí tí ẹyin fọ́ sí, ẹ má lò ó.

Ẹ̀wà pupa bí kíndìnrín kò dáa, tútù rẹ̀ ń fa èébì bí ọmọ bá jẹ ẹ́. Bọ́tìnì tàbí makaróònì dáa, tí kò bá sí ọmọ kékeré nílé. Ayò gidi gba ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọ ọdún 5, ẹ fi méjì-méjì bẹ̀rẹ̀, 24. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó kàn máa kó ojúlé kan kó sì máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, láìjẹ. Ẹ jẹ́ kó máa ka a lẹ́nu ní Yorùbá: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí kò bá fo ojúlé mọ́ ni kí ẹ wá kọ́ ọ ní jíjẹ: bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá sọ ojúlé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Òjò London kò sì pa ọmọ tó wọ bàtà òjò. Ẹ mú un jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọdún 4 fẹ́ràn ilé yanrìn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó ń wó lójú ẹsẹ̀. (Ìyá rẹ̀, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Yanrìn yín ti gbẹ jù, tàbí kó jẹ́ pé ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà tó ń yọ ọ́. Agolo yanrìn 8 sí agolo omi 1 ni. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó ṣù, kí omi má kán. Yanrìn odò wẹ́wẹ́ dára ju èyí tó ní òkúta lọ. Kí ọmọ jókòó, kó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, kó kó yanrìn bò ó títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ògiri rẹ̀ nípọn tó ọwọ́ àgbà ní fífẹ̀. Kó gbá a pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ fún ogún ìgbà, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kó na orí ìka ẹsẹ̀ síwájú, kó máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìgbé gìgísẹ̀ nílẹ̀. Bí ojúlé àkọ́kọ́ bá dúró, ìkejì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi ìka gbẹ́ ọ̀nà láàárín wọn.

Ẹ má lo yanrìn ibi tí wọ́n ti po símẹ́ńtì, símẹ́ńtì tútù ń jó ara. Bí ẹ bá kó yanrìn jọ sílé, ẹ fi tapólì bò ó lálẹ́, ológbò àti ajá a máa fi í ṣe ilé ìgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tú u wò láàárọ̀ nítorí àfọ́kù ìgò àti ìjàlọ. Omi tí ẹ fi ń rin ín, inú abọ́ pẹrẹsẹ ni kó wà, kì í ṣe inú báfù tàbí garawa, kí ẹ sì dà á nù bí eré bá ti parí: ọmọ tó dojú dé inú garawa kì í rí ọwọ́ gbé ara rẹ̀ jáde, kì í sì í pariwo.